Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ti gbó, àtúnṣe ńlá tó ń sọ ọ́ di ọ̀tun: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kúrúùsì láti Southampton tàbí Miami ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí jù. Wọ́n á ní ọkọ̀ tí àwọn fẹ́ wọ̀ ti lé lógún ọdún, àwọn tó ni ín sì ń pariwo pé àwọn ti tún un ṣe látòkè délẹ̀, ṣé kí àwọn gbà wọ́n gbọ́ àbí kí àwọn wá ọkọ̀ míì. Mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Kí n yáa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èmi kì í wo kápẹ́ẹ̀tì kí n tó wo abẹ́ ọkọ̀ o, ẹ máa rí i nínú gbogbo ìdáhùn mi.

Àtúnṣe ńlá tí wọ́n ń pè ní refit yìí gan-an, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe pẹ́ńtì lásán ni?

Òmíì wà tó jẹ́ pé pẹ́ńtì lásán ni lóòótọ́. Òfin ló ní kí wọ́n máa yẹ ìdí ọkọ̀ tó ń kó èrò wò déédéé, nígbà míì òmùwẹ̀ ló máa ń wọ abẹ́ omi lọ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ tó bá tó àkókò, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò nínú omi pátápátá, kó wọ dry dock. Kòtò ńlá kan ni, etí omi ni wọ́n máa ń ṣe é sí, ọkọ̀ á wọ inú ẹ̀ tòun tomi, wọ́n á ti géètì, wọ́n á wá máa fa omi jáde títí ọkọ̀ á fi rọra jókòó lórí àwọn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é. Wọ́n á fi omi alágbára fọ ìdí ẹ̀, wọ́n á ha ìṣáwùrú òkun àti ewé òkun tó ti lẹ̀ mọ́ ọn kúrò torí gbogbo ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa jẹ epo, wọ́n á kùn ún, wọ́n á yẹ pùròpẹ́là wò, ó parí. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Refit ńlá ni èyí tí wọ́n bá ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà lórí ilẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣí i. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ pé wọ́n da ògiri wó, wọ́n yọ páìpù, wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n gé irin, wọ́n jó irin míì mọ́ ọn.

Irin tó ti wà nínú omi iyọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ṣé kò ní ti jẹ tán?

Ó máa ń jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò tí wọ́n sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí, bíi Lloyd's Register tàbí DNV tàbí RINA, ló máa ń wá, ẹ̀rọ kékeré kan tó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n máa ń gbé dání, wọ́n á ha pẹ́ńtì ojú ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa á, wọ́n á wá tẹ orí ẹ̀rọ yẹn mọ́ irin, ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ á wọ inú irin lọ á sì ta padà, ẹ̀rọ á wá kọ iye mìlímítà tó ṣẹ́ kù. Báyẹn ni wọ́n á ṣe máa lọ láti ojú kan dé ojú kejì. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ ju bí òfin ṣe wí, wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á jó tuntun síbẹ̀. Ọkọ̀ tí ò bá gba ìwé lọ́wọ́ irú àwọn ilé iṣẹ́ yìí, ta ló máa fún un ní ìnṣọ́ránsì?

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí irin ṣe lè pẹ́ tó, ẹ gbọ́ ti Stockholm. Göteborg ní Sweden ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948. Ní alẹ́ July 25, 1956, ó forí gbá Andrea Doria nínú kùrukùru nítòsí Nantucket ní Amẹ́ríkà, Andrea Doria rì, Stockholm fi imú rírún wọ New York, wọ́n tún imú yẹn ṣe, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìlà-oòrùn Jámánì rà á ní 1960. Nígbà tó wá ti di arúgbó, wọ́n gbé e lọ sí Genoa ní Italy, wọ́n ṣí gbogbo ilé orí ẹ̀ dànù, ó ku ìdí irin nìkan, wọ́n wá kọ́ ilé tuntun sórí ìdí yẹn, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sí i, ó sì jáde ní 1994 pẹ̀lú orúkọ tuntun, Italia Prima. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ ẹ̀ ò ṣeé kà tán. Astoria ló ń jẹ́ gbẹ̀yìn, ó sì ń kó èrò títí di 2020 tí Kòrónà fi dé. 2025 ni wọ́n tó wọ́ ọ lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù lọ tú ká. Irin 1948 o! Àwọn tó sùn nínú kábìnì ẹ̀ ní 2019, tí wọn ò bá sọ fún wọn, wọn ò lè mọ̀ láéláé.

Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń gé ọkọ̀ sí méjì. Irọ́ ni, àbí?

Òótọ́ ni o. Song of Norway ti ilé iṣẹ́ Royal Caribbean ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá, 1978, ní Helsinki. Èyí tó wá gbajúmọ̀ jù ni Enchantment of the Seas ní 2005. Finland ni wọ́n ti kọ́ àárín tuntun náà sílẹ̀, tòun ti kábìnì 151 nínú ẹ̀, mítà 22 ni gígùn ẹ̀, wọ́n gbé e sórí bájì, wọ́n wọ́ ọ gba ojú òkun lọ sí Rotterdam. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ wọ dry dock níbẹ̀, wọ́n fi iná gáàsì gé e yíká láti òkè dé ìdí, wọ́n fa apá kan sẹ́yìn, wọ́n ti àárín tuntun wọlé, wọ́n sì jó gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Gígé yẹn ò le tó bí ẹ ṣe rò. Ohun tó le ni kí ojú ibi tí wọ́n gé bá ara mu, torí tó bá fi díẹ̀ wọ́, kò ní gún mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún wá ku wáyà, páìpù omi, páìpù ìdọ̀tí, ihò atẹ́gùn, omi panápaná, gbogbo nǹkan tó gba ojú ibẹ̀ kọjá tí wọ́n gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa so ó padà tí wọ́n á sì dán an wò.

Ilé iṣẹ́ MSC náà ṣe irú ẹ̀ fún ọkọ̀ mẹ́rin láàárín 2014 sí 2015 ní Palermo, Italy: Armonia, Sinfonia, Opera àti Lirica, mítà 24 ni wọ́n fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó gbogbo ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 200 yúrò. Palermo kan náà ni wọ́n ti gé Silver Spirit ní 2018.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ní kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i lórí?

Wọ́n máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìwúwo tó bá wà lókè á fẹ́ dojú ọkọ̀ délẹ̀ nígbà tí ìgbì bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò ẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ti jó nǹkan bí ìrù irin mọ́ ẹ̀yìn wọn lójú omi, kó lè léfòó sí i ni. Tí wọ́n bá fa àárín gùn, ìdí ọkọ̀ náà gùn, omi á gbé e.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ṣeé pààrọ̀?

Háà, ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí QE2.

Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti kọ́ Queen Elizabeth 2, May 1969 ló kó èrò àkọ́kọ́ lọ sí New York. Sítíìmù ló ń wà á nígbà yẹn: wọ́n á jó epo, epo á sọ omi bọ́ílà di sítíìmù, sítíìmù á yí tọ́báìnì, tọ́báìnì á yí pùròpẹ́là. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni tọ́báìnì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, Cunard, ilé iṣẹ́ tó ni ín, ò tiẹ̀ kọ́kọ́ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ. April 1974, bọ́ílà daṣẹ́ sílẹ̀ lójú òkun nítòsí Bermuda, ọkọ̀ dúró gbagidi, inú ọkọ̀ míì ni wọ́n kó àwọn èrò sí gbẹ̀yìn. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, epo tó ń mu ò ṣeé gbọ́ sétí, ẹ sì rántí bí owó epo rọ̀bì ṣe fò sókè láti 1973 lọ, àwa ní Nàìjíríà ń jó, àwọn tó ní ọkọ̀ sítíìmù ń sunkún.

October 1986, wọ́n gbé e lọ sí Lloyd Werft, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Bremerhaven, Jámánì. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Wọ́n yọ ṣímínì orí ẹ̀ kúrò, ojú ihò tí ṣímínì fi sílẹ̀ yẹn ni wọ́n gbà ń fa bọ́ílà àti tọ́báìnì jáde ní àjákù àjákù, ojú ihò kan náà ni wọ́n sì gbà sọ ẹ́ńjìnnì dísù tuntun mẹ́sàn-án kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ lọ́hùn-ún, MAN ló ṣe wọ́n. Ẹ ò ní bọ́ńnẹ́ẹ̀tì láti ṣí níbí o. Tí wọn ò bá gba òkè, àfi kí wọ́n dá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lu.

Ibi tó wá dùn sí nìyí. Ẹ́ńjìnnì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ò yí pùròpẹ́là, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wọn, iná ni wọ́n ń mú wá, iná yẹn á lọ yí mọ́tò iná ràgàjì méjì, ọ̀kan fún pùròpẹ́là kọ̀ọ̀kan, nínú iná kan náà ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n ti ń tan gílóòbù, tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Tí ọkọ̀ bá ń sáré lórí Atlantic, wọ́n á tan èyí tó pọ̀ nínú wọn, tó bá ń rọra lọ, wọ́n á pa àwọn kan, wọ́n á máa tún ìyẹn ṣe lọ láì dá ọkọ̀ dúró. Epo tó ń jẹ wálẹ̀ ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì pàdánù eré ẹ̀, ó ṣì lè sá ju 30 nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú omi) lọ.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló bọ́ sí i ṣá. Wọ́n fi nǹkan kan bíi fáànù sẹ́yìn pùròpẹ́là méjèèjì kó lè máa gba agbára omi tó ń ṣòfò, ìgbà tí wọ́n gbé e jáde lọ dán wò, apá fáànù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kán, wọ́n bá yọ wọ́n kúrò. Ṣímínì tuntun náà sì sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án ló ń túfín sínú ẹ̀. Lójú tèmi ti tẹ́lẹ̀ rẹwà jù, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ló ń wa ọkọ̀.

Owó tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: ó lo sítíìmù láti 1969 dé 1986, ó wá lo dísù láti 1987 di November 2008 tó fi dágbére tó lọ sí Dubai. Ẹ́ńjìnnì kejì ló bá a pẹ́ jù. Òtẹ́ẹ̀lì ni báyìí, ní Port Rashid, láti 2018. Tó bá jẹ́ pé kọ́tìnnì àti àga ni wọ́n lọ pààrọ̀ ní Bremerhaven lọ́dún yẹn, mo gbà pé kò ní rí ọdún 1995.

Àwọn nǹkan tí èrò ń fojú rí wá ńkọ́, ṣé kò já mọ́ nǹkan kan ni?

Ó já mọ́ nǹkan, ṣebí ibẹ̀ lẹ máa sùn sí. Queen Mary 2 wọ Blohm+Voss ní Hamburg ní 2016, ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà yẹn, ọjọ́ 25 péré ló lò, owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 90 pọ́n-ùn. Wọ́n fi kábìnì ẹlẹ́nìkan 15 kún un, kò ní irú ẹ̀ rárá tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá rìnrìn àjò lẹ máa mọyì ìyẹn torí owó èèyàn méjì ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ yín. Wọ́n yọ àwọn lífítì àárín gbọ̀ngàn ńlá kúrò kí ojú ibẹ̀ lè gbòòrò. Wọ́n sì fi ilé ajá mẹ́wàá kún èyí tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ajá! QM2 máa ń gbé ajá àti ológbò sọdá Atlantic. Níbi táwọn ajá ti ń najú, wọ́n ri òpó iná ti ìlú ọba mọ́lẹ̀ àti páìpù panápaná pupa irú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì New York, kí ajá kálukú lè rí ibi tó mọ́ ọn lára tọ̀ sí. Àwọn òyìnbó!

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é kíá báyẹn? Ilé tiwa tí wọ́n ń pẹ́ńtì, oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ fi wà nílẹ̀, kò pa kọ́bọ̀, ó sì ń san owó dry dock, ìyẹn ló ń lé wọn eré. Ọdún kan tàbí méjì ṣáájú ni wọ́n ti ń múra ẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ti wà ní gígé tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà kábìnì ti wà lára ẹ̀, àga, bẹ́ẹ̀dì, táìlì, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹténà létí omi. Àwọn kọ́ńtírátọ̀ míì tiẹ̀ máa ń wọ ọkọ̀ nígbà tó ṣì ń kó èrò, wọ́n á ti máa tú ibi tí èrò ò lè dé. Tó bá wá gúnlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa ya wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wẹ́dà, kápẹ́ńtà, púlọ́ńbà, oníná, tọ̀sán tòru. Ẹni tó ń jó irin ló léwu jù nínú gbogbo wọn, torí ẹni tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, iná kékeré kan ti tó, ìdí nìyẹn tó fi ń ní ẹnì kan tó máa dúró tì í pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń paná, tí kò ní ṣe iṣẹ́ míì.

Owó yẹn pọ̀ jù, kí ló dé tí wọn ò ra tuntun?

Oasis of the Seas tuntun jẹ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4 dọ́là nígbà tó jáde ní 2009. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún un ní Cádiz, Spain, ní 2019 jẹ́ mílíọ̀nù 165. Ẹ fi wé ara wọn. Yàtọ̀ sówó, àwọn tó lè kọ́ irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ láyé yìí ò pọ̀, Meyer, Fincantieri, Chantiers de l'Atlantique, tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ tuntun lónìí, ẹ máa tò sórí ìlà fún ọdún púpọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń yí orúkọ padà kí àwọn èèyàn má bàa mọ̀ pé ọkọ̀ àtijọ́ ni?

Carnival Destiny ti 1996 di Carnival Sunshine ní 2013 lẹ́yìn àtúnṣe mílíọ̀nù 155 dọ́là. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ wá IMO nọ́ńbà ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ẹyọ nọ́ńbà méje ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kì í yí padà títí ó fi máa kú, bó ti wù kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ tó.

Ìgbà wo ni àtúnṣe ò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́?

Ìgbà tí òfin bá ti kọjá rẹ̀. Láti October 1, 2010, òfin àgbáyé ní ọkọ̀ èrò ò gbọdọ̀ ní ògiri àti àjà tó lè gbiná bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwọn ọkọ̀ arẹwà tí wọ́n fi pákó dáradára ṣe inú wọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kú sí. Saga Rose ti 1965, December 2009 ló fẹ̀yìn tì, kò sí nǹkan tó ṣe ìdí ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé owó tí wọ́n máa fi tú inú ẹ̀ ká pọ̀ ju ohun tó lè pa wọlé lọ.

SS United States náà wà ńbẹ̀, ọkọ̀ èrò ńlá tó sáré jù láyé nígbà tó jáde ní 1952. Wọ́n dá a dúró ní 1969. Ní 2016 ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ Crystal ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù mélòó kan, wọ́n ní ìdí ọkọ̀ ṣì le dáadáa o, àmọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yí padà kó lè bá òfin òde òní mu ti pọ̀ jù, wọ́n bá jáwọ́.

Nǹkan míì ni asbestos. Inú ògiri àti lára páìpù ni wọ́n máa ń kó o sí láyé ìjọ́un torí kì í jóná, eruku ẹ̀ ló wá ń pààyàn. Ọkọ̀ tó bá kún fún un, gbogbo ògiri tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí di wàhálà.

Èéfín ọkọ̀ àtijọ́ ńkọ́?

Láti January 1, 2020, epo ọkọ̀ ò gbọdọ̀ ní ju 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́fọ̀ (sulphur, tó ń ba èéfín jẹ́) lọ, 3.5 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ò bá fẹ́ ra epo olówó gọbọi, ó ti fi ẹ̀rọ tó ń fi omi òkun fọ èéfín sínú ṣímínì. Ẹ̀rọ yẹn tóbi, ó wúwo, òkè ló sì ń wà. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìwúwo òkè?

Aureol tí àwọn bàbá wa wọ̀ lọ sí London, kí ló dé tí wọn ò tún un ṣe?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí ẹ̀. Aureol ti Elder Dempster, Glasgow ni wọ́n ti kọ́ ọ, 1951 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Apapa, ọ̀pọ̀ lọ́yà àti dókítà Yorùbá ìgbà yẹn ló wọ̀ ọ́ lọ kàwé. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ náà, èrò ni ò sí mọ́, ọkọ̀ òfuurufú ti kó gbogbo wọn. 1974 ló ṣíwọ́. Wọ́n tà á, wọ́n sọ ọ́ ní Marianna VI, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ní Jeddah gẹ́gẹ́ bí ilé gbígbé, 2001 ni wọ́n tú u ká ní Alang ní Íńdíà. Refit kì í wá èrò fún ọkọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àtúnṣe tí wọ́n ń polówó jinlẹ̀?

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa. Tó bá jẹ́ ilé oúnjẹ tuntun, ibi tuntun tí èèyàn ti lè yọ̀ wọ inú omi, ilé ọtí tuntun, pẹ́ńtì aláràbarà ni gbogbo ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ béèrè pé páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́, ẹ́ńjìnnì ńkọ́. Ọkọ̀ tí kábìnì ẹ̀ ń dán tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀ sì ń dí ní gbogbo ìgbà, páìpù àtijọ́ ló wà lẹ́yìn ògiri tuntun yẹn. Ẹ tún wo iye ọjọ́ tó lò. Ọjọ́ mẹ́wàá ò lè gbé ju aṣọ àga lọ.

Ṣé kí n wọ ìrìn àjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn refit? Mo rí i pé ó fani mọ́ra.

Èmi ò ní wọ̀ ọ́. December 1994, QE2 kúrò ní Southampton lọ sí New York nígbà tí àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe fún un ò tíì parí, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń gbá nǹkan mọ́ ògiri, ilé ìwẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́, kábìnì àwọn kan ò tíì ṣetán, owó gbà-má-bínú tí Cunard san fún àwọn èrò gbẹ̀yìn ò kéré. Ọkọ̀ ńlá náà nìyẹn o, tó ní orúkọ. Ẹ jẹ́ kó ti lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì á gbówó lórí lẹ́yìn ẹ̀, àbí?

Ó máa ń gbówó lórí díẹ̀, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́. Tí owó bá jẹ yín lógún, ẹ wá ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ lọ nígbà tí ilé ìwé ò tíì gba ìsinmi, kẹ́ ẹ sì mú kábìnì àárín, nísàlẹ̀, ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì.